Àlejò Inú Yàrá Tó Ń Jò

Màmá Olómigbóná ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìtura náà ń pè é. Àwọn kan ní torí pé ó máa ń ki ọwọ́ bọ omi tí ẹlòmíì ò lè fi ìka kàn ni. Àwọn kan ní torí ẹnu rẹ̀ ni. N ò ní dá sí ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sọ ìdí kejì yìí lójú rẹ̀ rí.

Ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí èèyàn ń gba àtẹ̀gùn tóóró kan sọ̀kalẹ̀ dé. Fèrèsé ibẹ̀ kéré, ó sì ṣí sí àgbàlá ní déédéé ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ni àwọn tó wà nínú ilé máa ń rí. Màmá wá mọ bàtà ju ojú lọ. Ó mọ bàtà ọ̀gá àwọn alásè, tí ìyẹ̀fun kì í kúrò lórí rẹ̀. Ó mọ ti máníjà, aláwọ̀ pupa, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tó máa ń ké kín-ín kín-ín bó bá ń rìn. "Bí ẹ bá ti gbọ́ kín-ín, ẹ dákẹ́," ló máa ń sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, "ìjọba ń kọjá."

Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ti dé ilé yẹn. Ọmọ náà ti wà nílé ọkọ báyìí. Láyé ìgbà náà, ọpọ́n ńlá ni wọ́n fi ń fọ aṣọ, igi ni wọ́n sì fi ń rò ó. Nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ dé, àwọn kan sunkún pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Màmá ò sunkún. Ó yí ẹ̀rọ náà ká, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́pẹ́, ó ní, "Ìyàwó, káàbọ̀. Èmi ni ìyálé rẹ. Èyí tó rọrùn ni tìrẹ, èyí tó le ni tèmi." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ẹ̀rọ ń fọ èyí tó rọrùn. Àmọ́ bí wáìnì bá dà sórí aṣọ ibùsùn funfun, tàbí epo, tàbí ẹ̀jẹ̀, tàbí ìkunètè, iwájú Màmá ni wọ́n ń gbé e lọ, nínú omi gbígbóná àti ọṣẹ líle tó ń ta èèyàn nímú. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé obìnrin yìí kórìíra ẹ̀rọ. Irọ́ ni. Òun àti ẹ̀rọ ti jọ ń gbé láìjà kí máníjà yìí tó mọ okùn bàtà dì.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn àsè. Wọ́n ti kan àpótí dúdú kékeré kan mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ní ojú gíláàsì, iná sì ń tàn nínú rẹ̀. Máníjà gun orí àga kí gbogbo wọn lè rí i. Ó ní àwọn tó ni ilé ìtura ti ra ètò tuntun, pé kọ̀ǹpútà ni yóò máa mọ ohun gbogbo láti ọjọ́ náà lọ.

"Kò sí pé ẹnì kan ń bá ẹnì kan jẹ́ pè mọ́," ó ní. "Àtàǹpàkò yín lẹ máa tẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn á ṣí, kọ̀ǹpútà á sì mọ̀ pé ẹ ti dé. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ò bá rí títí tí oṣù tó ń bọ̀ fi parí, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára òṣìṣẹ́. Kì í ṣe èmi o! Èèyàn ló ń purọ́. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, irú àtẹ́wọ́ tí èèyàn ń pa kí wọ́n lè jẹ́ kó máa lọ.

Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nígbà tó kan Màmá, ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Iná pupa. Ó tún un tẹ̀. Iná pupa. Ọ̀dọ́kùnrin tó wá fi ètò náà sílẹ̀, tí gbogbo ilé ti sọ ní Oníkọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀, fi aṣọ nu gíláàsì. Ó ní kí Màmá lo ìka ìlábẹ̀. Ó ní kó lo ọwọ́ òsì. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n lò tán, iná pupa kò kúrò lójú ẹ̀rọ.

"Ẹ gbìyànjú ti ẹsẹ̀ wò!" Bàbá Alọṣọ ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Òun ló ń lọ gbogbo aṣọ tí Màmá bá fọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín.

Oníkọ̀ǹpútà mú ọwọ́ rẹ̀, ó yí i sí ibi ìmọ́lẹ̀. Àtàǹpàkò náà jọ̀lọ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí.

"Màmá, ìlà ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ìlà wo?"

"Ìlà ìka yín, mà. Omi àti ọṣẹ ti jẹ ẹ́ tán."

"Ó dáa. Kí wá ni ẹ̀rọ yín wí?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún wo Màmá, bí ẹni tí kò fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. "Ó ní ẹ kò sí níbí."

"Ta ló wá ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?" ni Màmá bi í. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú. Wọ́n fún un ní ìpara. Ìpara ò hu ìlà. Wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà, omi gbígbóná wọ inú ìbọ̀wọ́ náà ó sì há síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ rẹ̀ bó. Oníkọ̀ǹpútà lọ bá máníjà, ó ní bí Màmá bá lè yé ki ọwọ́ bọ omi fúngbà díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìlà náà padà. Máníjà ní, "Ta ló wá máa yọ àbàwọ́n?" Wọ́n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Ọwọ́ Màmá wà nínú omi, ẹ̀rọ sì ń sọ pé kò sí níbẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀, á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ẹnì kan á fi dé tí ìka rẹ̀ ní ìlà. Obìnrin tó ti ń wọlé yẹn kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn náà!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ẹni tó wá, wọ́n fi dúdú kọ ọ́. Ẹni tí kò wá, wọ́n fi pupa kọ ọ́. Ti Màmá pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ya ìwé náà kúrò lára ògiri, ó ká a, ó tì í bọ àpò, ó gba ọ́fíìsì máníjà lọ.

"Máníjà, aṣọ ibùsùn tí ẹ fi gba àwọn àlejò ìgbéyàwó ọjọ́sí, ta ló fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ṣé mo wá àbí n ò wá?"

"Èmi mọ̀ pé ẹ wá. Kọ̀ǹpútà ni ò mọ̀."

"Ta ni ọ̀gá láàárín ẹ̀yin méjèèjì?"

Máníjà ń fi bírò gbá tábìlì. "Màmá, ọ̀rọ̀ ètò ni. Bí mo bá ṣí ọ̀nà ẹ̀bùrú fún ẹ̀yin nìkan, lọ́la gbogbo èèyàn á ní ìka àwọn ti bó. Wọ́n á máa sùn sílé, wọ́n á ní àwọn wà níbí."

"Èmi ni mo jọ ẹni tó ń sùn sílé?"

"Ẹ ní sùúrù, mà. Olú ilé-iṣẹ́ á wá nǹkan ṣe sí i."

Màmá jáde. Ó mọ ohun tí "wọ́n á wá nǹkan ṣe sí i" túmọ̀ sí lẹ́nu irú wọn. Ó túmọ̀ sí pé oṣù á parí, orúkọ rẹ̀ á sì pa rẹ́, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ pé òun lòun pa á rẹ́.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ń tún ẹsẹ̀ àga kàn níwájú ilé nígbà tó dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán kó tó sọ̀rọ̀. "Inú bíbí ò da nǹkan fúnni," ó ní. "Sùúrù ni baba ìwà."

"Sùúrù tèmi ti gbó ju àga tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn lọ."

"Ṣé kì í ṣe ìka ṣáà ni wọ́n ń wá? Ní kí Bàbá Alọṣọ fi tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórúkọ ẹ."

Màmá wò ó tìyanu-tìyanu. "Kí n máa fi ọwọ́ ọlọ́wọ́ wọlé síbi tí ọwọ́ ara mi ti bó? Ìwọ náà wò ó, ṣé ó dùn ún gbọ́?"

Ọkọ rẹ̀ gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ sókè, ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lórí rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ìfági àti ayùn ti fá a bí wọ́n ti ń fá pákó. "Ìyá ọmọ," ó ní, "tèmi náà ò sí mọ́ o."

"Ìwọ náà ò sí níbí nìyẹn. Ta ni mò ń bá jẹun láti ọjọ́ yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ará ilé kejì yọjú. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ọkùnrin náà mú òòlù rẹ̀ padà. "Má gbà fún wọn," ó ní. Kò tún sọ̀rọ̀ sùúrù mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Oníkọ̀ǹpútà gba àtẹ̀gùn tóóró yẹn sọ̀kalẹ̀, ó na káàdì funfun kan sí Màmá. "Ẹ máa fi èyí ṣílẹ̀kùn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè púpọ̀." Màmá gbà á. Ọmọ náà láàánú lójú, kò sì fẹ́ kó máa dúró síta mọ́. Ilẹ̀kùn ń ṣí. Àmọ́ lórí ìwé ara ògiri, pupa ni Màmá ṣì wà. Ọ̀rọ̀ àánú tí kò lè la ẹnu níwájú ọ̀gá nìyẹn. Ó ń ṣílẹ̀kùn, kò lè kọ orúkọ.

Ó wá ku ọjọ́ díẹ̀ kí oṣù parí nígbà tí Màmá ṣàkíyèsí aṣọ ibùsùn kan. Ojoojúmọ́ ló ń ti òkè wá, láti yàrá kan ṣoṣo, kò sì sígbà kan tó ní àbàwọ́n. Kò rún. Ọṣẹ àná ṣì ń ta sánsán lára rẹ̀. Yàrá òkè pátápátá ni wọ́n kọ sí i, èyí tí àjà rẹ̀ ń jò, tí wọn kì í fi àlejò sí.

"Àlejò wo ló ń sùn báyìí?" Màmá béèrè. "Ṣé orí ìdúró ló ń sùn ni?"

Ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe ló gbé àwọn aṣọ náà wá. "Èmi náà ò rí i rí, Màmá. Kọ̀ǹpútà ló ń ní kí n pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀. Ó ní àlejò pàtàkì ni, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó tiẹ̀ ní kí n máa gbé èso síbẹ̀."

"Ta wá ló ń jẹ èso náà?"

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. Bàbá Alọṣọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn ò kàn mí," Màmá ní. "Kí lorúkọ àlejò náà?"

Ọmọbìnrin náà yọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lápò, ó kà á. Orúkọ Màmá ni, odindi, pẹ̀lú ti bàbá tó bí i lọ́mọ.

Bó ṣe jẹ́ ni pé ètò náà ò mọ̀ ju irú èèyàn méjì lọ: òṣìṣẹ́ àti àlejò. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìka. Àlejò ò nílò ìka, káàdì àti yàrá ló nílò. Oníkọ̀ǹpútà wá yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè, ó fi Màmá síbẹ̀, kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lè ṣí fún un. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń tẹ́ ibùsùn fún un lókè, tí òun náà sì ń fọ aṣọ ibùsùn ara rẹ̀, tí kò sùn lé lórí rí, nísàlẹ̀.

Bàbá Alọṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jó aṣọ ìrọ̀rí kan. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún. Ó dùn ún débi pé ó fara ti ògiri. Gbogbo ọdún tó ti lò nínú ilé yẹn, àtọmọ ẹ̀yìn dórí ewú, wọ́n wá gbé e fún kọ̀ǹpútà pé àlejò ni. "Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀," ó ní, "a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rà mí padà ká wò ó."

Ojú rẹ̀ ti lọ sára ògiri, níbi tí òfin ilé ìtura wà. Máníjà fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo yàrá iṣẹ́. Àlejò kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan. Bí àlejò bá ní ẹ̀sùn, máníjà fúnra rẹ̀ ni kó lọ bá a kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá lọ, kọ̀ǹpútà á fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ilé ìtura. Àlejò nìkan ló sì lè sọ pé inú òun ti yọ́.

Màmá yọ ọwọ́ kúrò nínú omi. Ó nu ìka kọ̀ọ̀kan gbẹ. "Ẹ̀rọ ní àlejò ni mí," ó ní, "ẹ̀rọ kì í sì í purọ́. Ẹ̀yin ẹ dá mi lóhùn: ṣé àlejò máa ń fọṣọ?"

Ọjọ́ tí oṣù parí, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti tan bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó rìn kọjá níwájú fèrèsé ilé ìfọṣọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gìrì-gìrì, ó sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé.

Olùgbàlejò tó wà nídìí tábìlì jẹ́ ọmọge kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rẹ́rìn-ín sí èèyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹnu yà á. "Màmá! Ẹnu ọ̀nà iwájú kẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ni àlejò ń gbà wọlé ni?" Màmá gbé káàdì rẹ̀ sórí tábìlì.

Ẹlẹ́rìn-ín fi káàdì náà kan ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà dún, ó kí àlejò káàbọ̀ padà. Ọmọge náà kà á, ó yé e, ẹ̀rín tó wá rín lẹ́yìn náà kì í ṣe ti iṣẹ́. "Yàrá yín ti wà ní sẹpẹ́, mà," ó ní, ó sì kúnlẹ̀ fún un.

Yàrá náà tóbi. Àbàwọ́n omi wà lára àjà, garawa sì wà láàárín ilẹ̀ tí omi ń kán sí tó-tó-tó. Màmá jókòó sórí ibùsùn. Látọjọ́ tó ti dé ilé ìtura yẹn, kò jókòó sórí ibùsùn kankan níbẹ̀ rí. Ó fọwọ́ ra aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó rí ibi kan ní igun tí wọ́n fi òwú rán. Òun ló rán an. Inú tún bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì gbé tẹlifóònù.

"Mo ní ẹ̀sùn," ó sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́ bí mo ṣe ń wí i. Obìnrin kan ló ń fọ aṣọ ibùsùn mi. Ó ń fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo gbọ́ pé wọ́n ní kò sí níbí. Mo fẹ́ kí wọ́n wá a rí kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ẹlẹ́rìn-ín tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láìfò kan. Ó kà á padà fún un. Ó bi í bóyá ó fẹ́ fi nǹkan kún un. Màmá ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Nísàlẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó ṣe àpèjẹ lálẹ́ àná ti da wáìnì sórí gbogbo ohun tó funfun. Aṣọ ga nílẹ̀ títí dé ìdajì fèrèsé. Bàbá Alọṣọ jókòó ti ìlọṣọ rẹ̀ tó ti tutù, ó ká apá. Ẹnikẹ́ni tó bá wá béèrè pé Màmá dà, ohun kan náà ni gbogbo ilé ìfọṣọ ń fi dá a lóhùn: "Ẹ lọ wo ara ògiri. Kò wá."

Ó ti kọjá ọ̀sán nígbà tí Màmá gbọ́ kín-ín kín-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìró náà dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láti abẹ́ ilẹ̀kùn, ó rí ṣóńṣó bàtà pupa.

"Ta ni?"

"Máníjà ni."

"Máníjà wo?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kí àlejò nínú ilé yìí?"

Láàárín eyín tó fún pọ̀, máníjà ka ìkíni tí òun fúnra rẹ̀ kọ fún àwọn òṣìṣẹ́: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, àlejò wa ọ̀wọ́n. Kí ni a lè ṣe láti mú inú yín dùn?"

"Wọlé, ọmọ mi," ni Màmá wí. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti di ọ̀gá, kò yé bọ̀wọ̀ fún un. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lè bí i.

Oníkọ̀ǹpútà tẹ̀ lé máníjà wọlé, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ garawa.

"Màmá, aṣọ ti kún ilẹ̀," máníjà ní. "Àwọn àlejò mìíràn ń bọ̀ lálẹ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ lọ ṣiṣẹ́ yín."

"Iṣẹ́ wo? Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ níbí. Ìwọ náà lọ wo ara ògiri."

"Mo lè lé yín lẹ́nu iṣẹ́ o!"

"Báwo lo ṣe máa lé ẹni tí kò wá?"

Máníjà ya ẹnu, ó pa á dé.

"Ẹ̀sùn mi ni mo fẹ́ gbọ́," Màmá ní. "Ṣé o ti rí obìnrin náà?"

"Ẹ̀yin ni!" Ariwo ni máníjà fi sọ ọ́. "Ẹ̀yin ni obìnrin náà! Ojoojúmọ́ lẹ ń wá! Ẹ wà níbí!"

Màmá nawọ́ sí Oníkọ̀ǹpútà. "Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ? Kọ ọ́ síbẹ̀."

"Kò lè kọ ọ́," máníjà ní. "Ẹ̀rọ ò lè gba òṣìṣẹ́ tí kò ní ìka. Mo ti ń sọ fún yín látọjọ́ yìí."

Oníkọ̀ǹpútà wúkọ́. Omi kán sínú garawa, ó tún kán. "Ó lè gbà á, sà," ó ní. "Ibì kan wà tí a lè fi nọ́ńbà rọ́pò ìka. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti bi yín. Ẹ ní kí n tì í."

Màmá dìde. Gbogbo ọjọ́ tó fi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo ìwé pupa, gbogbo ìpara, gbogbo ẹ̀rọ-kì-í-purọ́, èèyàn kan ló wà nídìí rẹ̀, ó sì wọ bàtà pupa. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń di ẹ̀bi náà rù kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ó na àtàǹpàkò méjèèjì sí abẹ́ imú máníjà.

"Wò ó dáadáa. Ìlà ìka mi tí ò ń wá, ara aṣọ ibùsùn yín ló wà. Àbàwọ́n tí mo bá yọ kúrò, ìlà mi ni mo fi ń dí i. Àwọn àlejò yín ti sùn lé e lórí tán. Lọ kó wọn jọ, kí o lọ tẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì ẹ!"

Máníjà wo àwọn ìka náà. Mo gbà pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wò wọ́n nìyẹn. Ó wo fèrèsé, oòrùn ti ń rẹlẹ̀, ẹ̀sùn náà á sì tó gbéra lọ bá àwọn tó ni ilé.

"Ṣí i," ó sọ fún Oníkọ̀ǹpútà.

"Kí gbogbo ọjọ́ tó pupa di dúdú," Màmá ní, "látọjọ́ kìíní."

"Ṣe é."

"Obìnrin tó ń fọ abọ́ nílé ìdáná, ẹ̀rọ ti ń kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ṣí. Kì í ṣe òun nìkan. Ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ yín bá bó lọ́wọ́, ẹ fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ó má sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Máníjà fọwọ́ nu iwájú orí. "Ṣe é fún gbogbo wọn," ó ní. "Màmá, ó ti tó báyìí, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ ká lọ sọ níwájú pé inú yín ti yọ́."

Màmá ò kánjú. Ó mú ọsàn kan nínú èso rẹ̀, ó bó o, ó jẹ ẹ́ tán, àwọn ọkùnrin méjèèjì dúró tì í. Lẹ́yìn náà ó ká aṣọ ibùsùn tó jókòó lé, ó fi há abíyá, ó gba àtẹ̀gùn iwájú sọ̀kalẹ̀, kín-ín kín-ín ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà. "Ṣé inú àlejò wa ti dùn, mà?"

Màmá fi káàdì funfun náà lélẹ̀ níwájú rẹ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlejò ti lọ," ó ní. "Onílé ló kù."

Ẹlẹ́rìn-ín wo máníjà. Máníjà ń wo bàtà rẹ̀. Ọmọge náà tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe wí i.

Màmá ká apá aṣọ rẹ̀ tó dára sókè, ó gba àtẹ̀gùn tóóró lọ sísàlẹ̀. Bàbá Alọṣọ dìde, gbogbo ilé ìfọṣọ dìde. Ó da aṣọ ibùsùn ara rẹ̀ sórí òkìtì tó wà nílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n, ó sì tètè yọ ọ́. Omi náà ti tutù. Ó ní kí wọ́n gbé òmíràn kaná.